Ìbọ̀wọ́ Nìkan Kò Tó

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1996, ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Karen Wetterhahn wà nínú yàrá àyẹ̀wò rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Dartmouth, ní ìpínlẹ̀ New Hampshire ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wádìí bí àwọn irin olóró ṣe ń ba ara ènìyàn jẹ́, nítorí náà kì í ṣe ẹni tí kò mọ ewu. Ó wọ kóòtù funfun, ó fi jígí ààbò sójú, ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó sì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àpótí tí ń fa atẹ́gùn búburú jáde. Níbi tí ó ti ń fa oògùn kan tí a ń pè ní dimethylmercury, ẹ̀kán díẹ̀ já bọ́ sórí ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó palẹ̀ mọ́, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ náà, ó fọ ọwọ́, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò dùn ún. Kò ta á lára.

Oṣù márùn-ún kọjá. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1997, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ranlẹ̀ mọ́ bí ó bá ń rìn, ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ojú àti etí rẹ̀ ń ṣe bàìbàì. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé mákúrì inú rẹ̀ jẹ́ 4,000 máíkírógíráàmù nínú lítà kan. Bí ó bá ti kọjá 200, ó ti di májèlé. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ó dákú lọ, kò sì bọ̀ sípò mọ́. Ó kú ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún náà, ní ẹni ọdún 48, ó fi ọkọ àti ọmọ méjì sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé irú ìbọ̀wọ́ tí ó wọ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Ìṣẹ́jú àáyá 15 péré, tàbí kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ni oògùn náà fi la rọ́bà náà kọjá. Kò sí ihò lára rọ́bà náà. Kò ya. Oògùn náà kàn gba inú rẹ̀ kọjá bí omi ṣe ń gba inú aṣọ kọjá ni. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń sọ pé kí ẹni tí yóò fọwọ́ kan irú oògùn bẹ́ẹ̀ wọ ìbọ̀wọ́ onípele púpọ̀ sábẹ́, kí ó sì tún wọ èyí tí ó nípọn lé e lórí. Èyí tí ó sàn jù ni pé kí a má lò ó rárá bí ohun mìíràn bá lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Olùkàwé wa ọ̀wọ́n, ṣàkíyèsí pé obìnrin yìí kò jẹ́ aláìbìkítà. Ó wọ ìbọ̀wọ́. Ìbọ̀wọ́ tí ó wọ̀ ni kò bá iṣẹ́ náà mu. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ọ̀jọ̀gbọ́n, kí ni kí a sọ nípa ọmọ iṣẹ́ wa tí ó ń fi ọwọ́ lásán da ásíìdì sínú bátìrì lẹ́bàá títì?

IBI TÍ ÌBỌ̀WỌ́ TI BẸ̀RẸ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé nítorí aláìsàn ni a ṣe kọ́kọ́ mú ìbọ̀wọ́ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìgbà òtútù tí ó so ọdún 1889 mọ́ 1890, nọ́ọ̀sì kan tí ń jẹ́ Caroline Hampton ń bá dókítà William Halsted ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń fọ ọwọ́ nígbà náà ní mákúrì nínú, ó sì ń bó o lọ́wọ́. Halsted bá ní kí ilé-iṣẹ́ rọ́bà Goodyear ṣe ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún un. Ní ọdún 1890 kan náà àwọn méjèèjì di ọkọ àti aya. (A mọ̀ pé apá yìí ni àwọn ọ̀dọ́ wa yóò rántí.)

ÌBỌ̀WỌ́ WO, FÚN IṢẸ́ WO?

Ìbọ̀wọ́ rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí nọ́ọ̀sì ń wọ̀ dára fún ẹ̀jẹ̀, itọ́ àti ìtọ̀. Ṣùgbọ́n bí pẹtiróòlù, kẹrosíìnì tàbí tínà àwọn tí ń kun ọ̀dà bá kàn án, yóò wú, yóò rọ̀, yóò sì jẹ́ kí ohun tí a ń sá fún wọlé. Mẹkáníìkì tí ó bá wọ irú rẹ̀ ń tan ara rẹ̀ jẹ. Èyí tí a ń pè ní nitrile, tí ó sábà máa ń ní àwọ̀ búlúù, lè fara da epo, ṣùgbọ́n acetone tí àwọn tí ń ṣe èékánná fi ń nu ọ̀dà kúrò kì í pẹ́ là á kọjá. Awọ tí ajórin ń wọ̀ ń gbà á lọ́wọ́ iná, kò sì wúlò fún ohun olómi rárá, nítorí yóò fa omi náà mu, yóò sì mú un mọ́ ara. Nítorí náà kí ènìyàn tó ra ìbọ̀wọ́, kí ó kọ́kọ́ ka ara ìgò kẹ́míkà tí ó fẹ́ lò. Bí kò bá mọ̀wé kà, kí ó ní kí ọmọ rẹ̀ kà á fún un.

Kí o tó wọ̀ ọ́, fẹ́ atẹ́gùn sí i, fún ẹnu rẹ̀ pa, kí o sì tẹ̀ ẹ́ bóyá yóò jò. Yọ òrùka. Gé èékánná. Èyí tí a ṣe fún ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí o lò ó. Fífọ̀ ọ́ kí a sì sá a sórí okùn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń rí i ní àwọn ilé ìtọ́jú kan, kì í ṣe ìṣọ́wóná. Kí ẹni tí ó wọ ìbọ̀wọ́ má sì ṣe fi í dáhùn fóònù tàbí kí ó fi í ṣí ilẹ̀kùn, nítorí ẹni tí yóò di ilẹ̀kùn náà mú lẹ́yìn rẹ̀ kò wọ nǹkan kan.

Ibì kan sì wà tí ìbọ̀wọ́ fúnra rẹ̀ ti di ewu. Nídìí ẹ̀rọ tí ń yí, ìbáà ṣe èyí tí ń lu irin, èyí tí ń la igi, tàbí ẹ̀rọ ata ní ọjà, ẹ̀rọ náà lè gbá etí ìbọ̀wọ́ mú kí ó sì fa gbogbo ọwọ́ wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìborùn, etí ìró tí a kò so dáadáa, àti irun gígùn lẹ́bàá bẹ́líìtì ẹ̀rọ. Ohun tí ó ń dáàbò bo ènìyàn níbẹ̀ ni irin tí a fi bo bẹ́líìtì náà, èyí tí ọ̀pọ̀ ti tú dànù kí wọ́n má baà máa ṣe wàhálà ṣíṣí i.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń kọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ẹ bi wọ́n léèrè kóòtù funfun tí ẹ fowó rà. Ṣé wọ́n ń wọ̀ ọ́, àbí ọjọ́ ìyà fọ́tò nìkan ni? Ní ọjọ́ 29 oṣù kejìlá ọdún 2008, ọ̀dọ́bìnrin ẹni ọdún 23 kan, Sheharbano Sangji, ń fa oògùn kan tí ń gbiná fúnra rẹ̀ bí ó bá ti kan atẹ́gùn, nínú yàrá àyẹ̀wò kan ní yunifásítì UCLA ní Los Angeles. Oògùn náà já, ó gbiná. Kò wọ kóòtù. Súwẹ́tà ọ̀rá ni ó wà lọ́rùn rẹ̀, irú èyí tí iná máa ń yọ́ mọ́ awọ ara. Ó kú ní ọjọ́ 16 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009. Aṣọ òwú dára ju ọ̀rá lọ níbi tí iná bá wà, àní lábẹ́ kóòtù pàápàá.

KÍ A TÓ MỌ OHUN TÍ Ó Ń ṢE ALÁÌSÀN

Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014, ọkùnrin kan tí ó ti Làìbéríà wá, Patrick Sawyer, balẹ̀ sí Èkó pẹ̀lú àìsàn lára. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Obalende. Ibà lásán ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe é. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ni ó fura pé Ebola ni, tí ó sì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé ọkùnrin náà kò gbọdọ̀ jáde. Ìdúróṣinṣin rẹ̀ gba ẹ̀mí àìmọye ènìyàn là, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn ni ó kú. Ju ìdajì àwọn 20 náà lọ ni ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera, púpọ̀ nínú wọn ni ó sì kó o nígbà tí wọ́n ń tọ́jú aláìsàn kìn-ín-ní yìí kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí ó ń ṣe é. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 2014 ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé àrùn náà ti tán ní orílẹ̀-èdè wa.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin agbẹ̀bí, ẹ̀yin tí ń gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò, ẹ wo èyí dáadáa. Bí ẹ bá ń dúró di ìgbà tí èsì àyẹ̀wò bá dé kí ẹ tó wọ ìbọ̀wọ́, ó ti pẹ́ jù. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ ni kí a kà sí ẹ̀jẹ̀ tí ó lè ranni, títí kan ẹ̀jẹ̀ ará ìjọ wa, títí kan ti ìyàwó pásítọ̀. Lẹ́yìn tí a bá sì gún abẹ́rẹ́ tán, kí a má ṣe dá ìdérí rẹ̀ padà. Kí a sọ ọ́ sínú ike líle tí abẹ́rẹ́ kò lè gún yọ.

BÍBỌ́ RẸ̀ LE JU WÍWỌ̀ RẸ̀ LỌ

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2014 kan náà ni wọ́n rí i pé olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan ní Madrid ní Sípéènì, Teresa Romero, ti kó Ebola lára aláìsàn tí ó tọ́jú. Aṣọ ààbò wà lọ́rùn rẹ̀. Ohun tí ó rántí lẹ́yìn náà ni pé ó ṣeé ṣe kí òun ti fi ìbọ̀wọ́ kan ojú nígbà tí òun ń bọ́ aṣọ náà. Ọpẹ́ ni pé ó yè é.

Ìta aṣọ ààbò ni ìdọ̀tí wà. Ẹni tí ó ń kánjú, tí òógùn ti bò, tí ó fẹ́ jẹun, òun ni ó máa ń fi ìta kan inú. Ìlànà tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí ìbọ̀wọ́ kọ́kọ́ kúrò, lẹ́yìn rẹ̀ jígí ojú, lẹ́yìn rẹ̀ aṣọ àwọ̀lékè, kí ìbòmú sì gbẹ̀yìn, kí a wá fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́. Bí a bá fẹ́ bọ́ ìbọ̀wọ́, a ó fi ọwọ́ kan fún ìta èkejì mú ní ibi ọrùn ọwọ́, a ó bó o kí inú rẹ̀ di ìta, a ó sì di í mú sínú àtẹ́lẹwọ́ tí ó ṣì wọ ìbọ̀wọ́. Nígbà náà ni a ó ti ìka ọwọ́ lásán bọ abẹ́ èyí tí ó kù, ní ibi tí ó kan awọ ara, a ó sì bó o lé èkínní lórí. Jígí ojú àti ìbòmú, okùn ẹ̀yìn ni kí a fi yọ wọ́n. Kí ọwọ́ má kan iwájú wọn. Fi ìbọ̀wọ́ tí o fi ọ̀dà kùn gbìyànjú èyí nílé. Bí ọ̀dà bá kàn ọ́ lọ́wọ́, tún un ṣe.

ÀWỌN ONÍṢẸ́ ỌWỌ́ WA

Ajórin tí kò bo ojú kì í mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Òru ni yóò tó mọ̀, nígbà tí ojú bá ń ta á bí ẹni pé yanrìn kún inú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ iná náà ni ó jó ẹyinjú rẹ̀, jígí oòrùn tí a ń rà lẹ́bàá ọ̀nà kò sì lè dá a dúró. Jígí dúdú inú ìbòjú ajórin ní nọ́ńbà. 10 sókè ni a sábà ń lò fún iṣẹ́ iná mànàmáná. Bí ojú bá ti ń ta ènìyàn, kí ó lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ó má ṣe kán mílíìkì sí i. Ẹ sì lé àwọn ọmọdé tí ń dúró wòran kúrò níbẹ̀. Wọn kò ní ìbòjú.

Ẹ̀yin tí ń ṣáàjì bátìrì, ásíìdì nìkan kọ́ ni ọ̀tá yín. Bátìrì tí ó wà lórí iná ń tú atẹ́gùn jáde, bí iná kékeré bá sì ṣẹ́ sí i, bátìrì náà lè bú gbàmù, kí ásíìdì fọ́n sójú. Jígí tí ó bo ojú yíká, épírọ́ọ̀nù rọ́bà, ìbọ̀wọ́ gígùn, àti bọ́kẹ́ẹ̀tì omi mímọ́ nítòsí nígbà gbogbo. Bí ó bá wọ ojú, ẹ máa da omi sí i fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí ẹ tó gbéra lọ sí ilé ìwòsàn.

Nípa ìbòmú, àṣìṣe pọ̀. Aṣọ tí a fi so imú lè dí ìyẹ̀pẹ̀ ńláńlá, kò lè dí eruku lẹ́búlẹ́bú. Èyí tí a ń pè ní N95 ń sẹ́ ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún irú eruku kéékèèké bẹ́ẹ̀, bí ó bá lẹ̀ mọ́ ojú pinpin. Irùngbọ̀n kì í jẹ́ kí ó lẹ̀. Ṣùgbọ́n N95 kò dí èéfín tínà tàbí atẹ́gùn oògùn kòkòrò. Ìyẹn ń fẹ́ ìbòmú tí ó ní àgolo asẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, a sì gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ àgolo náà. Àwọn tí ń fọ́ òkúta ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Eruku òkúta ń dápàá sínú ẹ̀dọ̀fóró, àpá náà kì í sì í jinná títí ọjọ́ ikú. Kí a tó sọ̀rọ̀ ìbòmú rárá, ẹ da omi sí òkúta náà kí eruku má lè dìde. Bí àwọn onímọ̀ ṣe tò ó nìyẹn: ká mú ewu kúrò, bí kò bá ṣeé mú kúrò, ká fi ohun mìíràn rọ́pò rẹ̀, bí kò bá sí, ká sé e mọ́ tàbí ká fa atẹ́gùn rẹ̀ jáde, ká wá fi ìbòmú àti ìbọ̀wọ́ ṣe ìkẹyìn. Ọ̀gá tí ó pín ìbọ̀wọ́ nìkan tí ó sì rò pé òun ti ṣe tán, ìkẹyìn ni ó fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀.

"ỌLỌ́RUN NI ALÁÀBÒ MI"

A ń gbọ́ èyí lẹ́nu àwọn ará wa lórí àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́rin, láìsí akoto lórí. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n òfin kan wà nínú Deuteronomi orí 22 ẹsẹ 8 tí a kì í wàásù lé lórí púpọ̀. Ó ní kí ẹni tí ó bá kọ́ ilé tuntun ṣe ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó bá ṣubú má baà wà lórí ilé náà. Onílé ni òfin náà bá wí. Kò bá ẹni tí ó ṣubú wí. Nítorí náà a kò ní dá gbogbo ẹ̀bi fún ọmọ iṣẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ìbòjú kan ṣoṣo ni ó wà, ọ̀gá ni ó sì ń lò ó.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo lè lo ìbòjú yín?"

"Ìwọ? Ojú lásán ni èmi fi kọ́ṣẹ́."

Irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ díákónì. Òfin Factories Act ti Nàìjíríà ní kí agbanisíṣẹ́ pèsè ohun ààbò, ó sì ní kí òṣìṣẹ́ lò ó. Employees' Compensation Act ti ọdún 2010 sì ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún àjọ NSITF, kí ẹni tí ó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ lè rí owó ìtọ́jú gbà. Bèèrè níbi iṣẹ́ rẹ bóyá wọ́n ń san án. Ojú òfin kì í sábà dé ṣọ́ọ̀bù abẹ́ igi, nítorí náà òbí tí ó ń fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́ ni kí ó bèèrè ìbòjú kí ó tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn.

NÍGBÀ TÍ BÀBÁ BÁ DÉ ILÉ

Ní Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà, àwọn obìnrin kan tí kò wọ ilé-iṣẹ́ asbestos rí kú ikú asbestos, nítorí pé àwọn ni wọ́n ń gbọn eruku aṣọ ọkọ wọn, tí wọ́n sì ń fọ̀ ọ́. Ní Thiaroye-sur-Mer lẹ́bàá Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, ọmọ 18 kú láàárín ìparí ọdún 2007 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2008 nítorí òjé tí ó tú jáde láti inú bátìrì àlòkù tí a ń fọ́ ní àdúgbò wọn. Ní Zamfara ní ọdún 2010, inú àgbàlá ilé ni wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà tí òjé wà nínú rẹ̀. Ó lé ní 400 ọmọdé tí ó kú. Ohun tí ó ń pa àgbà díẹ̀díẹ̀ kì í pẹ́ pa ọmọdé.

Nítorí náà, kí bàbá tí ó bá ń fọ́n oògùn sí kòkó, tàbí tí ó ń ṣiṣẹ́ bátìrì, bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó gbé ọmọ. Àwọn bàbá wa tí wọ́n lo Gámálìn mọ bí òórùn rẹ̀ ṣe máa ń bá wọn dé orí ibùsùn. Ní ọdún 2009 ni àwọn orílẹ̀-èdè fi lindane tí ó wà nínú rẹ̀ sára àwọn oògùn tí a gbọ́dọ̀ fòpin sí. Bí a bá ń fọ́n oògùn, kí a kọ ẹ̀yìn sí atẹ́gùn, kí ẹsẹ̀ ṣòkòtò wà lóde bàtà rọ́bà kí oògùn má baà ṣàn wọ inú rẹ̀, kí a má sì ṣe fi ẹnu fẹ́ ojú ẹ̀rọ tí ó bá dí. Okùn tín-ín-rín tàbí koríko ni kí a fi yọ ọ́. Kí a kọ́kọ́ fọ ìbọ̀wọ́ ní ọwọ́ kí a tó bọ́ ọ. Kí obì jíjẹ dúró di ìgbà tí a bá fọ ọwọ́ tán.

Aṣọ yẹn, kí ó ní báàfù tirẹ̀. Kí ìyá wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà kí ó tó fọwọ́ kàn án, kí ó má gbọ̀n ọ́n, kí ó má pò ó mọ́ aṣọ ọmọ. Ọṣẹ púpọ̀ ni kí ó fi fọ̀ ọ́, kí ó ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, kí ó sì sá a sínú oòrùn níbi tí ó jìnnà sí aṣọ yòókù. Omi tí ó fi fọ̀ ọ́ kò gbọdọ̀ ṣàn lọ sí ẹ̀bá kànga, tàbí ibi tí adìẹ ti ń mu omi.